Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ọlọ́wọ́

Ọmọbìnrin alárù náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà dé orúnkún, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Àpò náà dún gbànràn lórí ilẹ̀ ibùdókọ̀ Kejetia ní Kumasi.

"Ṣé irin ló wà níbẹ̀ ni?" ó bèèrè ní Haúsá.

Táhírù kò gbọ́ Haúsá púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ìbéèrè kan náà ni àwọn aṣọ́bodè bi í ní Ṣẹ̀mẹ̀, òun náà ni wọ́n tún bi í ní Aflao. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi fi ojú sí orí tó mì yẹn, torí òun ló padà kó bá a. Táhírù kì í sọ̀rọ̀. Nílé ìwé, bí olùkọ́ bá béèrè ohun tó mọ̀ dájú, orí ló máa ń mì, olùkọ́ á sì pe ẹlòmíràn. Ó ti jáde ìwé mẹ́wàá ní Ìlọrin, kò tíì ríṣẹ́. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí ó máa wo nǹkan kéékèèké tí ẹlòmíràn kò kà sí. Bó ṣe dúró láàárín èrò tó ń ti ara wọn yẹn, ohun tó ń wò ni píìnì tí ọmọbìnrin náà fi há etí ìró rẹ̀. Ó ti dípẹtà.

"Àbúrò! Akwaaba o!"

Wàhábì nìyẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kumasi ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó sì ń ta aṣọ òkìrìkà ní Alabar, àdúgbò àwọn Yorùbá níbẹ̀. Ó nawọ́ sí àpò náà, ọwọ́ rẹ̀ padà lófìfo.

"Chale! Kí lo dì wá? Ṣé afárá Jẹ́bà lo tú wá?"

"Irin ni," Táhírù ní.

"Irin kí ni?"

Táhírù wo ilẹ̀. Wàhábì rò pé ọ̀nà ló rẹ̀ ẹ́. Ó pe ọmọlanke, wọ́n sì gba Alabar lọ.

Irin náà nìyí. Ọwọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin ni: ọwọ́ ọlọ àgbàdo méjì, ọwọ́ ẹ̀rọ ìbókọfí kan, àti ọwọ́ ẹ̀rọ ìpaẹ̀pà kan. Jímọ̀h, bàbá Táhírù, ló ni wọ́n. Láti ayé òyìnbó ni Jímọ̀h ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Alabar. Ó ń ta abọ́ tánganran, fìtílà alátẹ́gùn, àdá tí wọ́n fi bébà olóròóró wé, ṣòkòtò kàkí péńpé, akẹtẹ̀ funfun líle irú èyí tí àwọn àjẹ́lẹ̀ ń dé, àti ẹ̀rọ oko tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Lọ́dún 1969, ìjọba pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní páálí kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní páálí, Jímọ̀h kò ní. Ó kó ọjà rẹ̀ sí yàrá kan nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kojo, ọmọ Aṣánté tó ń rán sálúbàtà ní Race Course.

"Àmáánà ni," ó sọ fún Kojo. "Ọwọ́ rẹ ni mo fi sí."

Kojo sì jáde lọ wá ọkọ̀ fún un. Kí Kojo tó dé, Jímọ̀h mú sípánà, ó tú ọwọ́ gbogbo ẹ̀rọ náà, ó sì dì wọ́n mọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò lọ́wọ́, ta ló máa rà á? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sunkún, ó sì wọ ọkọ̀.

Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn ọwọ́ náà fi wà ní Ìlọrin. Àwọn ahunṣọ agbo ilé wọn ló ń fi wọ́n di òwú mọ́lẹ̀ lójú òfì, débi pé aró ti ra wọ́n. Nígbà tí àìsàn wá dá Jímọ̀h dùbúlẹ̀, ó pe Táhírù.

"Lọ gba ẹrù mi lọ́wọ́ Kojo. Kó ọwọ́ wọn dání. Ohun tó o bá rí níbẹ̀, òun ni ogún rẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Kojo mọ̀ pé èmi ni mo kó wọn. Ojú á tì mí."

Bí ojú ṣe máa ti ẹni tó ti wà ní sàréè, Táhírù kò bèèrè. Ó mi orí.

Wọ́n ju àpò náà sábẹ́ ibùsùn Wàhábì ní Alabar, wọ́n sì mú ọ̀nà Race Course pọ̀n. Níwájú ilé kan, àtíbàbà wà, pátákó wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́: OLOWO SANDALS. Kò sí àmì kankan lórí lẹ́tà náà, kò sì sí nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Olówó?" Táhírù ní. "Ṣé ó rí towó ṣe ni?"

Wàhábì rẹ́rìn-ín débi pé ó di òpó àtíbàbà mú. "Ta ló sọ olówó fún ọ? Dákẹ́, tẹ́tí."

Àwọn ọmọ kéú ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n gbé wàláà lérí. Bí wọ́n ṣe dé iwájú àtíbàbà, wọ́n figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ọlọ́wọ́!"

Bàbá kan tó jókòó ti igi bàtà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè fún wọn bí ọba tó ń kí ìlú. "Ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì sáré lọ.

"Ọlọ́wọ́," Wàhábì rọra sọ ọ́ sí Táhírù létí. "Tìtorí ọwọ́ ẹ̀rọ bàbá rẹ ni. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ lọ, Bàbá mi wá wo ẹrù náà. Gbogbo ẹ̀rọ gé lọ́wọ́. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́? Kojo. Ta ló wá kó wọn tà? Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ẹni lójú. Bàbá mi kàn sọ ọ́ lórúkọ ni. Kojo ní kí ló túmọ̀ sí. Bàbá mi ní ó túmọ̀ sí ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ọlọ́wọ̀. Inú ẹ̀ dùn! Ó lọ kọ ọ́ sí pátákó."

Táhírù ronú kan àpò tó wà lábẹ́ ibùsùn.

Kojo, tó ti gbọ́ ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀, dìde. Ó ga, irun rẹ̀ funfun, aṣọ tó ró sí èjìká kan ti ṣá. Táhírù dọ̀bálẹ̀. Kojo gbá a lápá mú kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó yí i lórí, ó wo etí rẹ̀.

"Etí Jímọ̀h!" ó ní. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi pé Twi máa ń yọjú nínú rẹ̀ bí ẹni yọjú lójú fèrèsé. "Due, me ba. Ọmọ mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ṣé kò jìyà kó tó lọ?"

"Kò jìyà, Bàbá."

"Ó dáa. Ó dáa paa. Akua! Mú omi wá! Ọmọ Jímọ̀h dé!"

Akua, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé omi wá. Lẹ́yìn náà Kojo mú kọ́kọ́rọ́ kan lọ́rùn rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

Òórùn kàfúrà ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ojú Táhírù ríran. Abọ́ tánganran dúró lórí ara wọn láti ilẹ̀ dé òkè, kò sí èyí tó bó. Wọ́n fi aṣọ wé gíláàsì fìtílà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ki bébà ìròyìn sínú akẹtẹ̀ kí orí wọn má baà tẹ̀. Táhírù mú ṣòkòtò kàkí kan. Ojú ìká ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan; ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn.

"O rí i?" Kojo ní. "Bí aṣọ bá pẹ́ lójú ìká kan, á ya. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni èmi àti Akua máa ń kó wọn sá lóòrùn, tí a bá sì ń ká wọn padà, à ń yí ojú ìká. Yaw ti Ejura, tó ń ta ohun oko, ó ti bẹ̀ mí títí kí n ta ẹrù náà fún òun. Mo ní kì í ṣe tèmi."

Àwọn ẹ̀rọ wà lẹ́yìn, gíríìsì ń dán lára wọn. Kò sí èyí tó lọ́wọ́ nínú wọn. Lókè wọn, ọwọ́ irin mẹ́ta kan so rọ̀ mọ́ ìṣó lára ògiri.

Kojo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, Táhírù rí ohun tí kò rò pé òun lè rí láé. Bàbá náà bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó rọ aṣọ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni wà níwájú ọba, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ lọ, ìlú dàrú, àwọn èèyàn ń fọ́lé fọ́nà. Ìgbà tí mo wọ inú yàrá yìí, ọwọ́ ẹ̀rọ ti lọ. Ọlọ́ṣà gba fèrèsé wọlé. Mo fi irin sí fèrèsé náà, ó ti pẹ́ jù. Mo lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Suame Magazine, alágbẹ̀dẹ rọ àwọn wọ̀nyí fún mi, kò sí èyí tó wọlé. Ojú ló ń tì mí ni mi ò ṣe kọ̀wé sí bàbá rẹ. Ó fi àmáánà sí mi lọ́wọ́, mo jẹ́ kó sọnù. Ó sì kú kí n tó fi ẹnu mi sọ fún un. Ìwọ, dárí jì mí."

Ọkùnrin méjì, ojú ń ti ọ̀kan ní Ìlọrin, ojú ń ti ìkejì ní Kumasi, lórí ọwọ́ ẹ̀rọ kan náà, fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Táhírù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, kò gùn: Bàbá, ọwọ́ náà wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára sálúbàtà tí Kojo bọ́ sílẹ̀. Ìrán ara rẹ̀ pín sí mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó mọ ìrán náà. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Awọ kan wà lára igi ọwọ́ ẹ̀rọ ìpaẹ̀pà, ìrán ẹsẹ̀ adìyẹ ni wọ́n fi rán an.

"Ti ẹ̀pà ló dùn mí jù," Kojo ń sọ lọ. "Àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ máa ń bó tó bá ń yí i han àwọn oníbàárà. Èmi ni mo rán awọ wọ̀ ọ́."

"Ó ti tán, Bàbá," Táhírù ní. "Ẹ dìde."

Bí Táhírù ṣe dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Kojo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ojú títì.

Ní Alabar, Táhírù fa àpò náà jáde, ó sì tú u. Wàhábì wo ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wo Táhírù. Ó jókòó lórí ìdì òkìrìkà rẹ̀.

"Bàbá rẹ?"

Táhírù mi orí.

"Wàláhì! Látọjọ́ yìí?"

Ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ lọ sọ fún un."

"Sọ fún ta ni?" Wàhábì dìde. "Tẹ́tí sí mi, àbúrò. Àkọ́kọ́, bàbá rẹ ní o ò gbọdọ̀ sọ. Ìkejì, ọmọ Mùsùlùmí kì í tú àṣírí òkú. Ìkẹta, Bàbá mi ló sọ Kojo lórúkọ. Ṣé o fẹ́ kí Alhaji Bákàrè, àgbà Yorùbá Alabar, máa dọ̀bálẹ̀ fún aránbàtà?"

"Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ fún mi."

"Ó ti kúnlẹ̀, ó ti dìde. Ó ti tán. Inú ẹ̀ sì dùn sí orúkọ náà! Orúkọ tí inú onítọ̀hún ń dùn sí, kí lo fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Sọ pé bàbá rẹ ra àwọn ọwọ́ yìí l'Ékòó kó tó kú. Yaw á kó ẹrù, wà á ní ogún, Kojo á ní ìsinmi. Ta ló pàdánù?"

Táhírù rò ó. Kò rí ẹni tó pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò máa ń rí, ẹ̀yin èèyàn mi: ẹ ó wo yíká, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni tí ẹ ń pa lára.

"Awọ yìí ńkọ́?" ó ní.

Wàhábì na abẹfẹ́lẹ́ sí i.

Awọ náà le, ó dúdú, aró ti mu ún. Táhírù gé okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bọ́ kúrò, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun bí ìka ẹni tó bọ́ òrùka tó ti pẹ́. Wàhábì fi epo ẹ́ńjìnnì pa á títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ìyókù. "Ju awọ yẹn sí gọ́tà," ó ní. Táhírù jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá gọ́tà. Kò lè jù ú. Ó kì í bọ àpò ṣòkòtò.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, gbogbo wọn pé sí ilé Kojo. Yaw wá láti Ejura pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àti abọ́ ẹ̀pà kan tó fẹ́ fi dán ẹ̀rọ wò. Alhaji Bákàrè, bàbá Wàhábì, wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó wọ agbádá funfun, ó sì gba àga tó dára jù. Àwọn ará Alabar mélòó kan tẹ̀lé e, nítorí ọjà ayé òyìnbó tó jáde síta lẹ́yìn ọdún pípẹ́, ìran ni.

Wọ́n kó ẹrù síta. Akua to akẹtẹ̀ lórí ẹní bí ìgbà tí wọ́n bá to ẹyin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ọ̀kan, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní òun ni àjẹ́lẹ̀, kí gbogbo èèyàn san owó orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wàhábì sì tú àpò. "Ọwọ́ dé o! Olóògbé ra ọwọ́ tuntun l'Ékòó kó tó kú, kó bàa lè ṣeé tà!"

Kojo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Jímọ̀h ra ọwọ́? Ta ló sọ fún un pé wọ́n sọnù? Èmi ò kọ̀wé."

"Bàbá mi kọ ọ́," Wàhábì ní kíá.

Alhaji Bákàrè wo ọmọ rẹ̀. Kò rántí ìwé kankan. Ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, ohun tí kò rántí pọ̀, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

"Ó mọ̀," Kojo ní. "Ó mọ̀, kò bá mi jà. Ó tún rà á." Ó jókòó. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi oore lù.

Yaw sọ̀rọ̀ ní Twi. Wàhábì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. "Ó ní kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n òun kì í ra ẹjọ́. Ó ní ọwọ́ ti àkọ́kọ́ ńkọ́, ta ló kó o?"

Àwọn ará Alabar wo Kojo, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sínú agbádá. Alhaji Bákàrè wú ikọ́.

"Ọ̀rọ̀ ọwọ́, Bàbá Ọlọ́wọ́ ló mọ̀ ọ́n," ó ní.

Ẹ̀rín bú. Kojo náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè, nítorí wọ́n pe orúkọ oyè rẹ̀.

Yaw kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Wàhábì kọjú sí Táhírù. "Ìwọ lo ni ẹrù. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe rìn, kí a pa ọ̀rọ̀ tì. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Gbogbo ojú dé ara Táhírù. Ó rí eṣinṣin kan tó ń rìn létí abọ́ ẹ̀pà. Ó rí i pé Akua ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ojú wọ̀nyí bá kúrò lára òun báyìí, òun á sọ òtítọ́ ní ọ̀la.

Ó mi orí.

Ẹ̀rín Kojo kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé wọ́n ti ń gbálẹ̀.

"Èmi?" ó ní. "Táhírù. O ní èmi?"

"Ẹ jẹ́ ká so ọwọ́!" Wàhábì pariwo. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ ìpaẹ̀pà, kò sì mọ ibi tó máa kì í sí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Kojo nawọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ so ó fún wọn ni, nítorí bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní olè, àlejò ni wọ́n nílé rẹ̀. Bó ṣe di igi rẹ̀ mú, ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó nu epo kúrò, ó tún ra á.

"Akua. Abẹ́rẹ́ bàtà mi."

Akua mú un wá. Kojo ki ẹnu abẹ́rẹ́ náà bọ ihò kan lára igi náà. Ó wọlé. Ó kì í bọ ihò tó tẹ̀ lé e. Ó wọlé. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ yí igi náà ká, mẹ́ta mẹ́ta, bí ẹsẹ̀ adìyẹ, kò sì sí èyí tí kò gba abẹ́rẹ́.

"Ta ló bọ́ aṣọ rẹ̀?" ó bèèrè.

Wàhábì ní, "Bàbá, l'Ékòó, gbogbo ọwọ́ ẹ̀rọ ló máa ń..."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀."

Táhírù ki ọwọ́ bọ àpò. Ó mú awọ náà jáde. Ó gbé e lé ọwọ́ Kojo. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó ṣe é.

Kojo gbóòórùn rẹ̀. "Aró," ó ní. "Níbo ló wà?"

"Ìlọrin."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú."

"Ọlọ́ṣà ló tà á fún yín?"

"Rárá, Bàbá." Ohùn Táhírù kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. "Bàbá mi ló tú wọn. Ìgbà tí ẹ lọ pe ọkọ̀ fún un."

Alhaji Bákàrè dìde lórí àga, ó tún jókòó. Ẹnì kan lára àwọn ará Alabar rọra bọ́ akẹtẹ̀ lórí, ó sì dá a padà sórí ẹní.

Kojo kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ń wo pátákó tó wà lórí àtíbàbà rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Táhírù," ó ní. "Pe orúkọ mi."

"Bàbá Ọlọ́wọ̀."

"Ìyẹn kọ́. Pè é bí àwọn ọmọ kéú ṣe ń pè é."

Táhírù wo Alhaji Bákàrè. Alhaji ń wo tẹ̀súbáà rẹ̀.

"Ọlọ́wọ́," Táhírù ní.

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

Táhírù gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ó na ìka márààrún. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Haa," Kojo ní.

"Kojo," Alhaji Bákàrè bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ìwọ náà mọ àwa Yorùbá..."

Kojo ti jókòó ti igi bàtà rẹ̀. Ó ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Ó fi awọ náà wé igi ọwọ́ ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an láti ihò dé ihò. Ẹnikẹ́ni kò lè lọ. Yaw jókòó sórí ilẹ̀. Akua dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń wo Táhírù, Táhírù sì ń wo ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Ó rán an dé òpin, ó fi eyín gé okùn.

Ó gbé ọwọ́ náà lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìpaẹ̀pà. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kì í sáyè rẹ̀, ó sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó da abọ́ ẹ̀pà Yaw sínú rẹ̀. Ó yí i. Ẹ̀rọ náà ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó tún ké, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ ó sì ń ṣiṣẹ́. Èèpo ń fò lọ sápá kan. Ẹ̀pà ń rọ̀ sínú abọ́, pupa, kò sí èyí tó fọ́.

Nígbà tí abọ́ náà kún, Kojo bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé e lé orí ẹ̀pà náà, níwájú Táhírù.

"Àmáánà bàbá rẹ," ó ní. "Ó pé."

Ó wọ sálúbàtà rẹ̀. Ó tún aṣọ èjìká rẹ̀ ró, ó sì gba àárín wọn kọjá, wọ́n là fún un. "Bàbá," Táhírù pè é. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Kò wẹ̀yìn.

Àwọn ọmọ kéú ń bọ̀ láti mọ́sálásí. Wọ́n rí i lójú títì, wọ́n sì figbe ta bí ìṣe wọn.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Ọlọ́wọ́!"

Ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè kó tó mọ̀. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ náà, iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kì í sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Kejetia lọ.